Ìdánwò Ló Ń Dùn Mí

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, nígbà tó wọ yunifásítì LASU l'Ọ̀jọ́.

Látìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀, àríyá ló ń bá kiri Ìyáná Ìbà. Ó ku ọ̀la kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ kó tó rántí pé òun ní ìwé. Ó sáré tọ Òwìwí lọ: "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń lajú mọ́jú?" Òwìwí ní, "Mo máa ń sùn lọ́sàn-án..." Ìjàpá ti lọ.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Okokomáìkò láti wá oògùn tí kò ní jẹ́ kó sùn. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣèlérí pé yóò débẹ̀, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2023, Máìlì 2 ló ti ń ṣẹ́rí padà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ni kẹ́mísì ibẹ̀. Kò kọ́ṣẹ́ oògùn rí, aṣọ funfun ló rà tí àdúgbò fi ń pè é ní Dókítà.

"Ìwé dókítà dà?"

Ìjàpá na owó sí i. Ọ̀kẹ́rẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ìwé náà pé.

"Níbo ló ń dùn ọ́?"

"Ìdánwò ló ń dùn mí, Dókítà."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fa Tramadol yọ lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, níbi tó kó oògùn ikọ́ oní-codeine pa mọ́ sí nígbà tí ìjọba fòfin dè é ní 2018. Oògùn ìrora ni Tramadol. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn, kò fọwọ́ sí èyí tó bá ju 100 mílígíráàmù lọ. 225 ni ti Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní kí Ìjàpá lo ẹyọ kan. Ìjàpá lo mẹ́ta, torí kọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ní. Orin bẹ̀rẹ̀:

Oorun, yà fún mi o —
Jẹ́ńjẹ́n!
Ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́rin —
Jẹ́ńjẹ́n!
Òru kan ni n ó fi jẹ ẹ́ —
Jẹ́ńjẹ́n!

Ojú rẹ̀ là kedere títí ilẹ̀ fi mọ́, àmọ́ ojú ìwé kan ṣoṣo ló kà. Ó fàlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀, títí kan nọ́ńbà ojú ìwé.

Ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ó kọ bébà kún, ó bèèrè òmíràn. Kìnnìún tó ń ṣọ́ wọn yọjú wò ó: orin ló kọ, lílé àti ègbè. Kó tó bá a wí, gìrì ti gbé Ìjàpá, ìkarahun rẹ̀ ń lu ilẹ̀ gbì, gbì, gbì. Erin ló gbé e dé ilé ìwòsàn, ọpẹ́lọpẹ́ Erin.

Ìgbìmọ̀ ẹranko jókòó. Wọ́n ní kí Ìjàpá tún kọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Wọ́n tún ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá lórí ewu oògùn olóró. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ra omi àti ìpápánu, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gba Okokomáìkò kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí kàlẹ́ńdà yẹn wò.