Tọkọtaya Tó Sùn Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ Nínú Igbó

Ẹ sún mọ́ bí, ògiri létí. Ẹ rántí ọmọ Ìyá Alákàrà, èyí àbúrò, tó fẹ́ ọ̀mọ̀wé onígíláàsì yẹn, tí wọ́n jọ wà ní Jọ́jíà lọ́hùn-ún, ní Amẹ́ríkà? Ìgbéyàwó wọn la ti jẹ ìrẹsì tí ò jinná. Ẹ jẹ́ á fìyẹn sílẹ̀ ná. Ọmọ náà fi fọ́tò ránṣẹ́ síyàá ẹ̀ lórí Wọ́ọ̀sáàpù. Òun rèé nínú aṣọ gígùn kan tí wọ́n so mọ́ igi níhìn-ín lọ́hùn-ún, ọkọ ẹ̀ rèé nínú tiẹ̀ lọ́tọ̀. Inú igbó kìjikìji! Ìyá Alákàrà figbe ta: "Mo gbé o! Wọ́n ti kọra wọn!"

Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, fọkàn balẹ̀." Mo pe ọmọ náà fúnra mi, a sọ̀rọ̀ títí dátà mi fi tán.

Hámọ́kì ni wọ́n ń pe aṣọ yẹn. Òyìnbó kọ́ ló dá a sílẹ̀ o, àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Nígbà tí Columbus dé erékùṣù àwọn Taíno lọ́dún 1492, inú ẹ̀ ló bá wọn tí wọ́n ń sùn. Ní Bràsíl, tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Manaus lọ sí Belém lórí odò Amazon, kálukú èrò ló ń gbé tiẹ̀ wá, tó ń so ó mọ́ irin òrùlé, tí ìdí ẹnì kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan orí ẹnì kejì. Ẹ wo bí òfófó á ṣe dùn tó nínú ọkọ̀ yẹn! Kí ni mò ń sọ bọ̀?

Ẹn-ẹ́n, tọkọtaya. Wọ́n kọ́kọ́ jọ bọ́ sínú ẹyọ kan. Ẹ̀gàn ni hẹ̀ẹ̀! Àárín ni aṣọ náà máa ń rì sí, ńṣe ni wọ́n ń yí lura wọn, ìgúnpá ọkọ ń wọ ìyàwó níhà. Ẹni tó bá sì fẹ́ kẹ́yìn òun tẹ́jú, níbùú díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sùn, kórí wà lápá kan, kẹ́sẹ̀ wà lápá kejì. Ẹni méjì ò lè ríyẹn ṣe. Ni wọ́n bá wá igi mẹ́ta tó fi ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 15 jìnnà síra. Wọ́n so ibi orí hámọ́kì méjèèjì mọ́ igi kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ wá yà sí igi méjì yòókù, tapólì ńlá kan sì bo gbogbo ẹ̀. Orí wọn súnra débi pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọ òru. Ṣé ìkọ̀sílẹ̀ nìyẹn? Èmi tí mo ń bá bàbá àwọn ọmọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, a kì í sọ tó bẹ́ẹ̀!

Bẹ́líìtì fífẹ̀ ni wọ́n fi so ó, kó má baà bó èèpo igi. Òtútù ńkọ́? Abẹ́ ló ti ń wá. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tó o bá sùn lé, o ti tẹ̀ ẹ́ pa, kò lè mú ooru dání mọ́. Ìta ni wọ́n ń so tiwọn sí, kó gba ìdí hámọ́kì mọ́ra bí ọ̀já ìpọnmọ.

Ìyá Alákàrà ní tí wọ́n bá já bọ́ ńkọ́? Mo ní kò ga ju àga lọ. Ó ní béárì ńkọ́, irú èyí tí Dáfídì pa? Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó le, torí béárì dúdú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Appalachian ní Jọ́jíà, láti Jarrard Gap dé Neel Gap, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, òfin ni pé kí ẹni tó bá máa sùn síbẹ̀ kó oúnjẹ ẹ̀ sínú agolo líle tí béárì ò lè ṣí. Ẹja gbígbẹ tí Ìyá Alákàrà fi ránṣẹ́ ló sì wà nínú tiwọn, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń ta sánsán.

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Ta ló sùn sápá ibi tí agolo yẹn wà?"

Mo ní ọkọ ni.

Ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé òun kí àna òun kú iṣẹ́, kó má sì kúrò níbẹ̀ o.