Ọmọ Yahoo ní Ìyànà Ọ̀fà

Ẹ̀yin ọlọ́sìn adìyẹ Lágelú àti Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ má bínú sí mi lónìí. Ẹ ní kí ọlọ́pàá má pe ọmọ yín lọ́mọ Yahoo mọ́, ẹ wá lọ fi ọ̀dà pupa kọ Yahoo gàdàgbà sára bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù! Èyí tí mo rí ní Ìyànà Ọ̀fà ló le jù. Wọ́n ya àkùkọ kan sí i, àkùkọ náà sanra ju ẹni tó ni ín lọ. Abẹ́ ìrù rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ í-méèlì sí, ó parí sí yahoo.co.uk. Ọ̀gá tí kò tíì kọjá Ṣàgámù rí, í-méèlì rẹ̀ ti gba físà!

Kí ojú má tì yín jù, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ̀ ń fi orúkọ ẹlòmíràn gba lẹ́tà. IITA ńkọ́, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, baba isu, baba gbágùúdá, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, tó jókòó sórí bí ẹgbẹ̀rún kan hẹ́kítà ilẹ̀ lápá Móníyà? Pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ yẹn, ayálégbé ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yẹ ìwé wọn ti àwọn ọdún 1990 wò, cgnet.com lẹ ó rí nídìí í-méèlì wọn, orúkọ iléeṣẹ́ kan ní California. Lẹ́yìn náà ló di cgiar.org, orúkọ ẹgbẹ́ ńlá tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ní iita.org tiwọn o, síbẹ̀ cgiar.org náà lẹ ó máa bá pàdé nídìí í-méèlì ọ̀pọ̀ onímọ̀ wọn. Ìyàwó kọ́lé tán, orúkọ ọkọ ló ṣì ń jẹ́.

Báwo ni onílé ṣe ń fi orúkọ tiẹ̀ rọ́pò orúkọ ẹni? Ká ní "gbágùúdá" lẹ̀ ń pe kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín. Lẹ́tà yín á gbéra nílé bí akọ̀wé@gbágùúdá. Bó bá dé ọ̀dọ̀ sáfà onílé, ẹ̀rọ tó ń bá yín fi lẹ́tà ránṣẹ́, sáfà á ní, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóde ayé?" Á ha orúkọ yín dànù, á lẹ tiẹ̀ mọ́ ọn kí èsì lè rọ́nà padà. Oore ló ṣe, àmọ́ onílé lẹni tó gba lẹ́tà rò pé ó ń kí òun.

Tẹ́ ẹ bá ti forúkọ dómeènì tiyín sílẹ̀, ìyẹn orúkọ tó ń tẹ̀ lé @ nínú í-méèlì, ó tán. Ẹ kó ẹrù lóru kúrò lọ́dọ̀ sáfà kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn, ẹ ṣá ti júwe ilé tuntun fún dómeènì, lẹ́tà á ṣì bá yín, kódà bẹ́ ẹ bá jẹ onílé lówó.

Ọdún 1995 ni wọ́n ti fún Nàìjíríà ní .ng. NiRA ló ń bójú tó o, náírà lẹ ó fi rà á, lọ́wọ́ àwọn alágbàtà tí NiRA fọwọ́ sí. Bí àpò bá gbẹ, ẹ mú com.ng. Ọdọọdún lẹ ó máa san án, tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹlòmíràn lè gbé e lọ. Mo ti gbọ́ ìkùnsínú yín! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó fáńdéṣàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta fọ́mọ onílẹ̀ ní Àkànrán, tẹ́ ẹ tún san ti òrùlé, ẹ̀yin lẹ wá ń ní dómeènì wọ́n?

Ẹ̀bẹ̀ kan péré: ẹ má ka àdírẹ́sì tuntun náà sétí màmá àgbà. Ẹ bá ti ní "dọ́ọ̀tì kọ́mù", wọ́n á ní, "Ìdọ̀tí kọ́mú? Ẹ wá omi ọṣẹ fún un!"