Kòkòrò Ara Sitirọ́bẹ́rì ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Kòkòrò tó ń yọ sitirọ́bẹ́rì lẹ́nu pín sí ọ̀nà méjì: èyí tó ń jẹ ewé àti èso, àti èyí tó ń fa omi ara rẹ̀ mu. Àwọn ajẹwé kò ṣòro láti mọ̀, ihò tí wọ́n bá fi sílẹ̀ á ti tú wọn fó. Àwọn afamimu ló ń tanni jẹ. Olórí wọn ni afídì, kòkòrò tín-ín-tín aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tí kò tó orí ìṣáná, tó ń fara pamọ́ sábẹ́ ewé àti sára ọ̀mùnú. Níbi tí ooru bá wà, kò nílò akọ kó tó bímọ, kì í sì í yé ẹyin. Òòyẹ̀ ló ń bí ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó bí lónìí lè di ìyá láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ní Nàìjíríà, orí òkè Jos ni sitirọ́bẹ́rì ti rójú ráyè. Ibẹ̀ ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ, òtútù alẹ́ ibẹ̀ ló sì ń mú kí ó yọ òdòdó. Gíga Ìsàlẹ̀ Èkó ju òkun lọ kò tó ohun tí ènìyàn ń fọ́nnu, bẹ́ẹ̀ ni ooru ibẹ̀ kì í lọ sílé bí ilẹ̀ bá ṣú. Síbẹ̀, àgbẹ̀ kan gbé gbòǹgbò mẹ́fà wá láti Jos, nínú bọ́ọ̀sì tó rìn mọ́jú, ó sì gbìn wọ́n sínú ìkòkò lórí bàlíkónì ilé alájà kan tí kò jìnnà sí Ẹnu Òwá. Àlàyé tó ṣe ni pé oko ata olóyè Arómirẹ́ ni Ìgà Ìdúngànràn tó wà nítòsí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó di ààfin ọba Èkó, àti pé ilẹ̀ tó gba ata kò ní kọ sitirọ́bẹ́rì. Àlàyé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ìwé má baà purọ́, èmi ni àgbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nítorí ìtìjú, àgbẹ̀ náà ni a ó máa pè é lọ.

Èèrà ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí afídì. Omi dídùn ni afídì ń yà, èèrà sì fẹ́ràn omi náà débi pé ó ń sin afídì bí darandaran ṣe ń sin màlúù: á lé ọ̀tá rẹ̀ dànù, á tún gbé e láti orí ewé kan lọ sí òmíràn nígbà mìíràn. Àgbẹ̀ náà rí èèrà tó ń tò lọ tò bọ̀, ó gbà pé wọ́n wá bá òun tún ìkòkò ṣe ni. Ó tilẹ̀ ń da ìsàlẹ̀ tíì tó ní ṣúgà fún wọn láàárọ̀. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tí ohun dúdú bíi ti búrẹ́dì tó bu sì bò ó, ó sọ fún àlejò pé ajílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Òògùn tí Èkó ń fi dá ohunkóhun tó bá ń rìn lóhùn ni òtapiàpià. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Nítorí ìjàǹbá tó ń ṣe nínú ilé, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn, fòfin de èyí tó wà nínú ìgò kékeré lọ́dún 2019. Kò yẹ kó kan èso tí ènìyàn máa fi sẹ́nu, kò sì yẹ kí a fọ́n ọn nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ọ̀sà. Àgbẹ̀ náà fọ́n ọn pẹ̀lú atẹ́gùn ọ̀sà. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé Àlájà tó ń dín àkàrà nísàlẹ̀. Ó ké sí àgbẹ̀ náà:

“Bàbá Dámọ́lá, ṣé èmi náà ti di kòkòrò ni?”

Wọ́n da àkàrà náà nù pẹ̀lú epo rẹ̀. Ẹ̀wà, epo, ata àti àlùbọ́sà tí àgbẹ̀ náà rà padà ní ọjà Òkè Àrìn wọ́n ju gbogbo sitirọ́bẹ́rì tó lérò láti ká lọ, ìdọ̀bálẹ̀ kò sí lára rẹ̀.

Afídì kú lóòótọ́. Kò pẹ́ tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí idẹ, tí òwú tín-ín-rín bíi ti alántakùn sì so wọ́n pọ̀. Ohun tó fa èyí kì í tilẹ̀ ṣe kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ìbátan alántakùn àti eégbọn ni. Ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ ni ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òògùn kì í ràn án, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa àwọn tó ń jẹ ẹ́, nítorí náà ẹni tó fọ́n òògùn ti bá a lé ọ̀tá rẹ̀ lọ. Ní Yúróòpù, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ mìíràn tó ń jẹ́ Phytoseiulus persimilis ni àwọn àgbẹ̀ ń rà láti fi jẹ ẹ́. Ẹni tí kò rí ìyẹn rà lè máa da omi sábẹ́ ewé láràárọ̀. Kò fẹ́ràn ìtutù.

Ọṣẹ ń pa àwọn afamimu bó bá kàn wọ́n lára, ṣíbí kékeré kan sí lítà omi kan. Kíkún igbá ìfọṣọ kọ́ ni wọ́n wí. Eérú kò bá sitirọ́bẹ́rì mu tó bí ènìyàn ṣe rò, torí ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ló ń fẹ́, eérú sì ń pa kíkan náà. Ìkòkò méjì kọ́ àgbẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ yìí kí wọ́n tó kú. Dóńgóyárò dára, pàápàá kóró rẹ̀, nítorí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹun dáadáa tàbí kó bọ́ awọ dàgbà. Oòrùn tètè ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni à ń fọ́n ọn. Ewé ni àgbẹ̀ náà lò, ó sì sè é, ó rọ ọ́ sínú ìgò láìkọ nǹkan kan sí i lára. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó rò pé àgbo ibà ni, ó mu ife kan. Ó ní kò korò tó ti ọjà Jankara.

Àṣìṣe tó burú jù ni ti ọmọ ọ̀rẹ́. Kòkòrò róbótó kan wà, aláwọ̀ pupa tó ní àmì dúdú lẹ́yìn, tó ń jẹ afídì bí ẹni jẹ gúgúrú. Ènìyàn mọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá: dúdú, gígùn, ẹlẹ́gùn-ún lẹ́yìn, bí ọ̀nì tí wọ́n sọ di kékeré. Ó sì ń jẹ afídì bíi ti ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ náà ṣa ọmọ wọ̀nyí níkọ̀ọ̀kan, ó fi sálúbàtà tẹ̀ wọ́n pa, ó sì ya fọ́tò ara rẹ̀.

Ìtìjú náà pọ̀ sí i nítorí pé Ìbàdàn, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò sílẹ̀ kó tó wọ Èkó, ti fi ọgbọ́n kí kòkòrò máa jẹ kòkòrò gba ẹ̀gẹ́ Áfíríkà sílẹ̀. Kòkòrò funfun kan wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run láti Kóńgò dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Onímọ̀ kòkòrò Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, kò fọ́n òògùn sóko ẹnikẹ́ni. Agbọ́n kékeré kan tí wọ́n rí ní Paraguay ni wọ́n tú sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1981. Inú kòkòrò náà ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Ti èso ló kù. Òdòdó sitirọ́bẹ́rì ń fẹ́ oyin, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn kóró ara èso ni ó gbọ́dọ̀ gba àtíkè òdòdó. Ibi tí kò bá gbà á kò ní wú. Òdòdó kan ṣoṣo, tó ti wà lára gbòǹgbò láti Jos, ló so. Oyin kò sún mọ́ bàlíkónì tó ń rùn òtapiàpià, nítorí náà èso náà yọ bí etí tí wọ́n lọ́ mọ́ra. A kò jẹ ẹ́, ìdí rẹ̀ ti wà lókè. Lẹ́yìn rẹ̀, ooru kò jẹ́ kí òdòdó mìíràn yọ.

Ata rodo ló wà nínú ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà báyìí. Èèrà ti gun méjì.