Bí Èkó Ṣe Ń Sinmi Lórí Ìdúró

Ìlànà kan wà tó ń darí ìrìnàjò afẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé òfin kankan tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí. Ìlànà náà ni pé ibi tí ìgbafẹ́ bá wà, ọ̀nà kì í dé ibẹ̀ dáadáa, bí ọ̀nà bá sì wá dé, ìgbafẹ́ yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì wábi gbà. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ètò ìlú lè pe èyí ní àìgbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bí nǹkan ṣe ń lọ láti Victoria Island títí dé Ẹ̀pẹ́ yóò rí i pé ètò pípé ni, ètò tó ti dúró pẹ́, tí kò sì sí ìjọba tó dà á rú rí, ì báà ṣe ti ológun tàbí ti alágbádá.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ Lẹkki ṣe rí. Ilẹ̀ tóóró ni, ó gùn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ kan ṣoṣo ló sì là á láàárín fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn ọ̀nà Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 kìlómítà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni Èkó kó ìgbafẹ́ rẹ̀ sí. Ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko àti igi ní Lẹkki wà níbẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́ Omu ní Bogije wà níbẹ̀, etíkun Eleko wà níbẹ̀, La Campagne Tropicana tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1984 sì ń bẹ níwájú ní abúlé Ikegun. Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ wòye pé ọ̀nà náà ṣì ní àyè díẹ̀ tí ènìyàn ti lè mí, wọ́n sì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo lójúmọ́, wá jókòó sí ìdí rẹ̀. Wọ́n gbé èbúté tí àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá lè gúnlẹ̀ sí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023. Wọ́n sì gbàgbé, bí ènìyàn ṣe máa ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé, láti la ojú irin kan ṣoṣo dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Kérésìmesì, táńkà tó ń lọ gbé epo, tírélà tó ru kọ̀nténà, dáńfó tó ń pe èrò Ajah, àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ọmọ mẹ́rin ti wọ aṣọ ìwẹ̀ sí nínú láti ilé, gbogbo wọn yóò pàdé ní Sangotedo, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìyẹn ipò tí ọkọ̀ ń sún ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, tí yóò wá dúró pẹ́ tó fi jẹ́ pé awakọ̀ yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì máa bá ẹni tó fẹ́ẹ́ gbá a lẹ́yìn láìpẹ́ ṣeré bí ọ̀rẹ́ àtọjọ́mọ́jọ́. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì wọn, omi tó lè gbé gbogbo wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ yí wọn ká, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi tí kúlà ìrẹsì àti ìyá àgbà yóò wọ̀ papọ̀ láìsí ìjà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ènìyàn yìí kò mọ ohun tó ń dúró dè wọ́n. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ará Èkó tó gbọ́n fi ń pinnu láti jáde ní agogo márùn-ún ìdájí, kí ó lè ṣáájú àwọn yòókù. Ohun kan ṣoṣo tó ba ọgbọ́n yìí jẹ́ ni pé gbogbo ará Èkó ló gbọ́n. Bí ìjọba bá ti kéde ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà jẹ́ fún Iléyá tàbí fún Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, èrò kan náà ni yóò sọ sí gbogbo ilé lọ́kàn ní alẹ́ kan náà, láti Ìkòròdú dé Àgége. Ní oṣù Ọ̀pẹ, àwọn ọmọ Yorùbá tó ti Lọ́ńdọ̀nù wálé wá faaji yóò tún dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn wọ̀nyí ti jókòó nínú bàálù fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà láti sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà, ẹnu á sì yà wọ́n nígbà tí wọ́n bá rí i pé Ajah ṣòro ó sọdá ju aṣálẹ̀ lọ.

Ohun tó bá dúró pẹ́ ní Èkó, ọjà ni yóò dà. Lójú fèrèsé ọkọ̀ ni gààlà, omi inú ọ̀rá, ìpékeré, ẹ̀pà, ṣájà fóònù, dígí dúdú tí wọ́n ń lò fún oòrùn, oògùn eku àti ọmọ ajá ti ń bá oníbàárà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tà wọ́n sì ni ẹ̀dá kan ṣoṣo tó ń sáré lórí ọ̀nà márosẹ̀ náà. Ó tọ́ kí a yìn wọ́n. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀nà Lẹkki kàn, láti orí àwọn tó yàwòrán rẹ̀ dé orí àwọn tó gba owó lórí rẹ̀, àwọn nìkan ló mọ ohun tí ọ̀nà náà wà fún gan-an. Ní Awoyaya ni ìrẹsì tí wọ́n sè fún etíkun ti máa ń tán. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti máa ń béèrè bóyá etíkun nìyí, tí bàbá wọn yóò sì dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ro ó wò.

Nígbà tí ìdílé náà bá máa fi dé ẹnu géètì, oòrùn á ti rọ̀. Wọn yóò san owó ìwọlé fún odindi ọjọ́ kan, wọn yóò sáré ya fọ́tò mélòó kan ní etí omi, ìyá yóò gbé e sí WhatsApp pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ṣókí pé ayé ń lọ geere, bàbá yóò wo aago, yóò sì ní kí gbogbo ènìyàn padà sínú ọkọ̀ kí ọ̀nà tó dí. Ọ̀nà náà kò tíì ṣí láti àárọ̀.

Àwọn kan ṣoṣo tí ọ̀nà Lẹkki kò dí fún rí ni àwọn alágbàtà ilẹ̀. Nínú ìwé ìpolówó wọn, ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Ìbẹ̀jú-Lẹkki kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí etíkun, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí èbúté, àti ìṣẹ́jú márùn-ún péré sí pápákọ̀ òfurufú tuntun tí wọn kò tíì kọ́. Kò bójú mu láti pe èyí ní irọ́, nítorí pé alágbàtà kò sọ ohun tí oníbàárà yóò wọ̀ dé ibẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹyẹ ló ní lọ́kàn. Bí ó bá sì jẹ́ ẹyẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀rí, nítorí pé nínú ọgbà ìtọ́jú ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lẹkki ní ọdún 1990, afárá tóóró kan wà tí wọ́n so kọ́ láàárín orí igi, gígùn rẹ̀ jẹ́ 401 mítà, ẹni tó bá sì ń ti ibẹ̀ kọjá, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ń gbọ̀n, yóò dé òdìkejì kí dáńfó tó wà ní ìta ọgbà tó kúrò lójú kan. Àwọn ọ̀bọ tó ń gbé inú ọgbà náà ń fò láti igi dé igi, wọn kò san owó ibodè, wọn kò sì ra gààlà. Bóyá nítorí èyí ni àwọn àlejò fi ń wò wọ́n pẹ̀lú ìlara tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ibodè náà gba àlàyé díẹ̀. Owó ibodè ni owó tí awakọ̀ ń san kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọjá, ìdí rẹ̀ sì ni pé ọ̀nà tí wọ́n fi owó tún ṣe yóò yá ju èyí tí wọn kò tún ṣe lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ní Lẹkki, èyí tó túmọ̀ sí pé ará Èkó ti tò láti sanwó kí ó tó lọ tò ní iwájú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni àwọn ológun yìnbọn níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn, ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀fẹ̀ nínú rárá, lẹ́yìn rẹ̀ ni owó gbígbà sì dáwọ́ dúró ní ẹnu ibodè náà. Àwọn ọ̀gá ìjọba ní tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá ọ̀nà dí tàbí kò dí, nítorí pé sáírínì ló ń ṣáájú wọn, ibikíbi tí sáírínì bá sì dé ni ọ̀nà ti máa ń là. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ìrìnnà ọkọ̀ ti dẹrùn, òótọ́ tí ojú rẹ̀ rí ló sọ.

Ẹni tó bá rò pé kí òun kúkú kọ ẹ̀yìn sí òkun, kí òun sì gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ wo ìsun omi ní Ìkògòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ó ní ohun tó ń dúró dè é láàárín Berger àti Ṣágámù. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn ní 127.6 kìlómítà, ni wọ́n ṣí ní ọdún 1978; ní ọdún 2009 wọ́n gbé e fún aládàáni kan, wọ́n gbà á padà ní ọdún 2012, wọ́n pín in fún ilé iṣẹ́ méjì ní ọdún 2013, iṣẹ́ náà sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi wa ọkọ̀ fúnra wọn gba ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Àwọn ibùdó àdúrà ńláńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà kì í jẹ́ kí ó ṣófo lóru, àǹfààní kan sì wà nínú èyí, torí pé ẹni tó bá há síbẹ̀ yóò máa gbọ́ ìwàásù lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ìkògòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń pàdé, wọ́n sì jọ ń ṣàn nínú ojú odò kan láìbára wọn jà, èyí tó kọjá agbára awakọ̀ méjì èyíkéyìí ní Mowé. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 2021 yá púpọ̀, àmọ́ Mọníyà ló ń já èrò sí, kí èrò náà tó wá bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò kejì wọ inú ìlú Ìbàdàn. Ní ti ọ̀nà Badagry, kò sí ohun púpọ̀ láti sọ: ẹni tó ń lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tàbí tó fẹ́ gba Sèmè kọjá sí etíkun Ouidah ní ilẹ̀ Benin, yóò kí aṣọ́bodè, ọlọ́pàá àti àwọn oníṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de ní àkítúnkí, tó fi jẹ́ pé bí ó bá máa fi dé, yóò ti di ọ̀rẹ́ gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìjọba kò gbọ́ igbe àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà etíkun tí yóò ti Èkó lọ sí Calabar, gígùn rẹ̀ jẹ́ 700 kìlómítà, ìpín rẹ̀ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti òpópónà Ahmadu Bello ní Victoria Island, ó gùn tó 47.47 kìlómítà, ó parí sí Eleko. Bí a bá wo ìwé àwòrán ilẹ̀, kò sí ohun tó dára jù ú lọ fún ẹni tó fẹ́ lọ gbafẹ́: ọ̀nà tuntun, ọ̀nà fífẹ̀, tí yóò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ Ajah, tí yóò sì máa gba etí òkun lọ tààrà. Ìṣòro kékeré kan ló yọjú, ìyẹn ni pé orí etí òkun náà ni àwọn ènìyàn ti ń gbafẹ́. Landmark Beach, tó wà lára àwọn etíkun tí èrò ti ń pọ̀ jù lọ ní Èkó, wà lójú ọ̀nà, wọ́n sì wó ohun tó wà níbẹ̀ ní ọdún náà, ilé oúnjẹ, ilé ìtajà àti ibi eré. Mínísítà fún iṣẹ́ òde, David Umahi, ṣàlàyé pé 250 mítà láti etí òkun jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, àlàyé tó mọ́gbọ́n dání, tí ó sì jẹ́ kí ó yé àwọn tó ń ta ẹja yíyan níbẹ̀ pé orí dúkìá Àbújá ni wọ́n ti ń fẹ́ná láti ọjọ́ yìí wá.

Àṣeyọrí náà kò ṣeé fojú di. Ní ayé àtijọ́, ìyẹn ṣáájú ọdún 2024, ẹni tó fẹ́ lọ sí etíkun á há sójú ọ̀nà fún ìdajì ọjọ́ kan, á sì dé etíkun nígbẹ̀yìn; ní ayé ìsinsìnyí, ó lè fi eré tó wù ú wa ọkọ̀ kọjá lórí ibi tí etíkun náà wà, láìní ìdí kankan láti dúró. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí 30 kìlómítà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ìjọba sì ti jẹ́ kó di mímọ̀ pé owó ibodè yóò wà lórí ọ̀nà náà. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, kí ó lè ru táńkà àti tírélà láìsanjú, ilé iṣẹ́ ìfọpo àti èbúté sì wà ní apá iwájú, nítorí náà kò sí ìdí kankan tí àwọn tó ń ta gààlà fi ní láti máa kánjú.