Ẹ Má Bi Mí Mọ́, Ẹ Lọ Bi Ẹni Tí Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Iṣẹ́ pọ́tà ni mò ń ṣe nílé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, torí mo ṣì ń retí owó oṣù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi bẹ àwọn ọmọ yìí. Wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Omi tí ǹ bá sì fi mú un tutù ni kò sí, àìsí omi yẹn gan-an ni wọ́n sì torí ẹ̀ ń bi mí.

Design thinking ni wọ́n pe orúkọ ohun tó dé bá wa. Ọ̀kan nínú wọn jókòó tì mí, ó là á yé mi. Ó ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, pé David Kelley wà lára àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní d.school sílẹ̀ níbẹ̀, àti pé Hasso Plattner, ará Jámánì tó wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ SAP sílẹ̀, gbé mílíọ̀nù 35 dọ́là kalẹ̀ fún un ní 2005. Mo ní kó tún iye yẹn pè. Ó tún un pè. Mo wo ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fa omi kànga wa, òun náà ń wò mí.

Ọ̀nà wíwá ojútùú sí ìṣòro ni, ìpele márùn-ún ló sì wà níbẹ̀. Wàá kọ́kọ́ fi ara rẹ sípò ẹni tí ìyà ń jẹ, wàá sọ ohun tí ìyà náà jẹ́ gan-an, wàá ronú oríṣiríṣi ọ̀nà àbáyọ, wàá fi páálí tàbí ohun tí kò wọ́n ṣe àpẹẹrẹ, wàá sì gbé e fún ẹni tó máa lò ó kó dán an wò. N kò rí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpele kìíní yìí ni gbogbo wọn fẹ́ràn jù, èmi sì ni ẹni tí ìyà ń jẹ tó súnmọ́ wọn jù lọ.

“Bàbá, báwo ló ṣe máa ń rí lára yín tí omi kò bá sí?”

Ó máa ń rí bíi pé omi kò sí. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé yẹ́lò pélébé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mi. Wọ́n ní kí n lọ sí ìdí ọ̀rọ̀. Kí ló fà á? Ẹ̀rọ ò fa omi. Kí ló fà á tí ẹ̀rọ ò fi fa omi? Iná kò sí. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Kò sí dísẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀. Kí ló wá fà á tí kò fi sí dísẹ́ẹ̀lì? Ọmọ mi, tí mo bá dáhùn ìyẹn, ṣé ìwọ lo máa bá mi wá iṣẹ́ mìíràn? Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn Toyota ní Jàpáánù ni ìbéèrè “kí ló fà á” léraléra yìí ti wá, pé tí wọ́n bá bi í dé ìkarùn-ún, wọ́n á ti mọ ibi tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, láti ìkẹrin ni a ti ń bojú wẹ̀yìn.

Ìwé yẹ́lò yẹn náà ní ìtàn. Ní 1968, Spencer Silver ní iléeṣẹ́ 3M ṣe gọ́ọ̀mù kan tí kò lẹ̀ dan-indan-in, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Art Fry, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ló rántí rẹ̀ nígbà tí pépà tó fi ń sàmì sínú ìwé orin rẹ̀ ń já bọ́. Ní 1980, ìwé yẹ́lò náà ti wà lórí àtẹ káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹ wò ó dáadáa o: ìwé orin tirẹ̀ ni pépà ti ń já bọ́. Kò lọ bá ẹni tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì pé báwo ló ṣe ń rí lára rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa náà mọ̀ ọ́n ṣe tí ìyà bá jẹ́ tiwọn. Lóru, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa ń tò sídìí ẹ̀rọ, orúkọ olówó ẹ̀ lára ẹ̀, onítọ̀hún á sì máa sùn nínú yàrá, ẹnikẹ́ni kò ní gba ipò rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó dojú áyọ́ọ̀nù kọ òkè, tó ń dín ẹyin lórí rẹ̀, ẹyin náà sì jinná ju ti ìyàwó mi lọ. Àwọn tí kò ní bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń sùn mọ́ ọ̀rẹ́ wọn, máa ń ká fóòmù wọn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ilẹ̀ tó mọ́. N kì í rí wọn, wọ́n sì mọ̀ pé n kì í rí wọn. Ta ló fún ìwọ̀nyí ní ìwé ẹ̀rí? Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ní kí n máa gbà lọ́wọ́ wọn.

Nínú ìdíje design thinking wọn, àwọn tó gba ẹ̀bùn ni àwọn tó ṣe áàpù. Áàpù náà dára, ó máa ń sọ fún yín pé omi kò sí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì jẹ dátà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, wọ́n fi fọ́tò mi hàn lójú ògiri, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún ìyà mi. Wọ́n gba kọ̀ǹpútà alágbèéká. Èmi gba tíṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó sí láyà, títí di òní n kò rí omi fọ̀ ọ́. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ lọ sí Ifẹ̀, kí ẹ wo àwọn ilé tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì, yà fún yunifásítì ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Àjà òkè yọ síta ju tìsàlẹ̀ lọ, ó ń gba oòrùn àti òjò fún un. Ọkùnrin náà ro ti ẹni tó máa gbénú ilé, àmọ́ àwọn tí owó àti àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Nínú gbogbo ìpàdé tí wọ́n ti ṣe lórí omi wa, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ àti owó dísẹ́ẹ̀lì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò wá rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó kàn, ẹ ṣe mí lóore. Ẹ ká ìwé yẹ́lò yín, ẹ gbé e lọ bá a, kí ẹ bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ló ṣe máa ń rí lára yín tí omi kò bá sí?” Àjà kejì ni ọ́fíìsì rẹ̀. Tánkì tirẹ̀ wà lókè rẹ̀, ó kún.