Òdo Kẹrin

Ó pé ọjọ́ márùn-ún lónìí tí mo da omi yìnyín lé kóòṣì ẹgbẹ́ ọmọ mi lórí lójú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi ń bá mi sọ kò kọjá "oúnjẹ wà lórí sítóòfù." Fídíò rẹ̀ ti dé Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lóru, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kò tilẹ̀ rántí kí mi. Kí wọ́n tó fi iyọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi rojọ́ ara mi.

Wisconsin là ń gbé, lókè Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù fi ṣe ilé. Ọmọ mi wà ní kíláàsì àṣejáde nílé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí ẹsẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn, síbẹ̀ tó jẹ́ pé orúkọ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Lọ́dún yìí ẹgbẹ́ wọn dé àṣekágbá. Bí ilé ẹ̀kọ́ girama bá sì dé àṣekágbá ní Wisconsin, kì í ṣe pápá ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n ti ń gbá a. Láti ọdún 1982, Camp Randall ni, pápá ìṣeré Yunifásítì Wisconsin ní Madison: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje láàárín ọjọ́ méjì, nínú oṣù kọkànlá. Bàbá kan ló máa ń ru omi fún ẹgbẹ́ ọmọ mi, orúnkún wá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n béèrè lórí WhatsApp pé ta ló lè dípò rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mi ò tíì ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà dé ìdajì.

N kò mọ nǹkan kan nípa eré yẹn o. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wò ó. Bí ìyàwó mi bá pàtẹ́wọ́, èmi náà á pàtẹ́wọ́. Bọ́ọ̀lù tèmi ni ti Shooting Stars, tí mo wò dàgbà ní Liberty Stadium, Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n omi? Ọmọ Òkè-Àdó ni mí. Garawa mẹ́ta ni mo máa ń rù láti ìdí ẹ̀rọ kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́, kò sì ní kán sí mi léjìká. Ta ni yóò wá kọ́ mi ní omi rírù?

Bí a ṣe wọ Camp Randall, àyà mi já. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ibùdó ológun ni ilẹ̀ náà. Ó lé ní 70,000 ọmọ ogun tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ogun níbẹ̀, orúkọ Alexander Randall tó jẹ́ gómìnà ìgbà náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ọdún 1917 ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré tó wà níbẹ̀ báyìí. Ó ń gba èrò tó lé ní 75,000. Lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn yunifásítì bá ń gbá, ńṣe ló máa ń pupa bí epo láti òkè dé ilẹ̀. Lọ́jọ́ tiwa, àwa òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ dà bí hóró ẹ̀wà mélòó kan nínú ìkòkò ìnáwó. Àwọn ọmọ náà wọlé, gbogbo wọn gbójú sókè, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan koríko oníke tó wà nílẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọbẹ̀ gbóná.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí gbohùngbohùn. Ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi, kò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. "Gb" ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ wa. Ọkùnrin tó ń pè é dúró, ó tún un pè, ó fò ó. Ẹ dákun, Kabeer Gbaja-Biamila gbá bọ́ọ̀lù fún Green Bay Packers nínú ìpínlẹ̀ yìí kan náà láti 2000 títí di 2008. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnléláàádọ́rin àti ààbọ̀ ló mú quarterback alátakò ṣubú lulẹ̀ kí onítọ̀hún tó ju bọ́ọ̀lù. (Bẹ́ẹ̀ ni, ààbọ̀. Bí ẹni méjì bá jọ dá a, wọ́n á pín in sí méjì fún wọn bí ẹran ọdún.) Kò sí ẹni tó ṣe tó o lẹ́gbẹ́ náà nígbà tó fi kúrò níbẹ̀. Kí ni wọ́n ń pè é? KGB, bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Soviet àtijọ́. Àwọn èèyàn tó ń gbé ní Oconomowoc! Tí wọ́n ń pe Ashwaubenon bí ẹni ń mu omi! Orúkọ ìlú wọn nìyẹn, ahọ́n wọn kì í kọsẹ̀ níbẹ̀. "Gb" kan péré ló wá di òkè tí wọn kò lè gùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí omi.

Iṣẹ́ mi méjì ni. Èkíní, kí àwọn ọmọ máa rí omi mu. Èkejì, bí a bá borí, kí n da kúlà ńlá aláwọ̀ ọsàn lé kóòṣì lórí. Àṣà wọn ni. Ní 1965 ni wọ́n ṣe ohun mímu Gatorade ní Yunifásítì Florida fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn ọmọ New York Giants wá bẹ̀rẹ̀ sí í da èyí tó ṣẹ́kù nínú kúlà lé kóòṣì wọn, Bill Parcells, lórí bí wọ́n bá borí, gbogbo Amẹ́ríkà sì gbé e. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kúlà tó gba gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá, bó bá kún, omi inú rẹ̀ nìkan tó kílò méjìdínlógójì, nítorí náà ẹni méjì ló ń gbé e, ọwọ́ kan ní etí, ọwọ́ kan nídìí. Ẹ ó ti ṣí ìdérí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ó gba ẹ̀yìn yọ sí i. Èjìká lẹ ó da á sí, kì í ṣe orí, nítorí ẹ̀rọ tó gbé kọ́ etí. Gbogbo èyí ni igbákejì kóòṣì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ó wá fi kún un pé kọ́tà mẹ́rin ni eré náà, kí n dúró de òdo tó wà ní kọ́tà kẹrin.

Ohun tí mo gbọ́ ni pé kí n dúró de òdo kẹrin.

Ẹ̀yin náà ẹ gba tèmi rò. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, òkè ni aago ń lọ, láti òdo dé àádọ́rùn-ún, rẹfirí á fi díẹ̀ kún un, ó parí. Tiwọn, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá ni kọ́tà kan fún àwọn ọmọ girama, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún yunifásítì, aago á sì máa ka á wálẹ̀ títí yóò fi di òdo. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù tó bọ́ sílẹ̀, aago dúró. Bí ẹni tó gbé e bá tẹ ẹsẹ̀ kọjá ìlà, aago dúró. Ìṣẹ́jú méjìlá wọn lè se ẹ̀wà jinná. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò wá sọ fún mi ni pé aago yẹn kan náà ni wọ́n fi ń ka àkókò kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá! Mo rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó di òdo, àwọn èèyàn hó yèè. Mo ká ìka kan. Òpin kọ́tà kìíní, ìka kejì. Ìsinmi ìlàjì, ìka kẹta. Wọ́n tún ka òmíràn nígbà ìsinmi náà, ṣùgbọ́n yìnyín ni mo lọ wá ní tèmi. Òótọ́ ni pé wọ́n kọ nọ́ńbà kọ́tà sára pátákó. Èémí ti bo gíláàsì ojú mi, nọ́ńbà tó tóbi jù nìkan ni mò ń rí.

Ayò 14 sí 10, àwa la wà níwájú. Mo rí aago: mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, òdo. Ìka kẹrin. Lójijì, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Gbogbo ará Wisconsin ló mọ̀ pé láti 1998, bí kọ́tà kẹta bá parí ní Camp Randall, orin Jump Around ti House of Pain ni wọ́n ń fi sí i, tí èrò ń fò. Ní 2003 wọ́n gbìyànjú láti dá a dúró nítorí iṣẹ́ àtúnṣe ilé náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yarí, ó sì di dandan kí wọ́n dá a padà. Àwọn ọmọ tiwa náà kò fẹ́ kí ó fo àwọn dá. Lójú tèmi, ayọ̀ ìṣẹ́gun ni.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹni tí yóò bá mi gbé apá kejì. Kò sí wàhálà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé kúlà lé orúnkún, mo gbé e lé èjìká, mo gbé e lé orí. Ọmọ Òkè-Àdó. Mo rìn bọ́ sẹ́yìn kóòṣì, ìkán omi kan kò bọ́ sílẹ̀, mo ní "Up Shooting!" mo sì da gbogbo rẹ̀.

Kò pariwo. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Yìnyín kan jókòó sí etí rẹ̀ bí yẹtí. Ìwé eré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi gègé kọ fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi búlúù sí i láàárín ìka. Ẹ̀rọ etí rẹ̀, èyí tí àwọn igbákejì rẹ̀ tó jókòó sókè fi ń sọ fún un bí alátakò ṣe tò sílẹ̀, han gooro, ó dákẹ́. Kúlà bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí gbirigbiri wọ inú pápá, èmi náà tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Tèmi dànù, kúlà náà sì là sí méjì.

Aṣọ yẹ́lò balẹ̀ níwájú mi. Rẹfirí ló jù ú. Mo wojú ọmọ mi. Ó bọ́ àṣíborí rẹ̀, ó sì ní, lójú gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀:

"Dádì, ó ku kọ́tà kan."

Ọmọ tí a ti ń bẹ̀ láti ọdún mẹ́fà pé kó sọ Yorùbá níta!

Kí ni n bá ṣe? Ohun tí ìyá mi kọ́ mi ni mo ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún kóòṣì lórí koríko oníke náà, nínú omi yìnyín, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Àwọn èèyàn wọ̀nyí kò rí ìdọ̀bálẹ̀ rí. Wọ́n rò pé mo dákú. Kí n tó dìde, àwọn elétò ìlera ti dé, ẹnìkan di ọrùn mi mú kí n má baà yí i, ẹlòmíràn ń ka bí iṣan ọwọ́ mi ṣe ń lù, ó ń bi mí léèrè ọjọ́ wo la wà. Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni. Ó yíjú sí ìkejì rẹ̀. Wọ́n gbé mi jókòó, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà nínú pápá. Ìjìyà yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọwọ́ alátakò ni bọ́ọ̀lù sì wà, ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n sún un sí.

Kóòṣì ń gbọ̀n. Mo sáré lọ síbi ìjókòó, mo bọ́ kóòtù lára ìyàwó mi, elésè-àlùkò, onírun lọ́rùn, tó rà fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Mo fi wọ kóòṣì, kò sì béèrè ẹni tó ni ín.

Kọ́tà kẹrin yẹn, n kò lè ròyìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ìjókòó ni mo wà, mo káwọ́ sẹ́yìn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ó ku díẹ̀, ọmọ mi àti ẹnìkejì rẹ̀ jọ gbé quarterback wọn lulẹ̀. Ààbọ̀ kan. Òdo tòótọ́ dé, a borí, 14 sí 10. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì hàn wọ́n pé òfìfo ni.

Nínú fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà, kóòṣì wà láàárín, ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́, kóòtù ìyàwó mi lọ́rùn. Ó wọ̀ ọ́ wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ̀ ọ́ lọ sílé. Ìyàwó mi ní òun kò fẹ́ òmíràn, èyí gan-an lòun fẹ́, èmi ni n ó sì lọ gbà á. Mo ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta sí ọkùnrin náà, n kò tíì fi ọ̀kan ránṣẹ́. Bí ẹ bá wà nítòsí ibí, tí ẹ sì ní ojú tó gbà á, ẹ dákun, ẹ bá mi lọ gba kóòtù.