Ẹ Bá Mi Dá Ẹjọ́ Òṣùwọ̀n Yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Àwọn elétò ìlera gbé òṣùwọ̀n wá sí Awóyè wa níhìn-ín, wọ́n sì gbé e lé orí pákó. Ẹni tó bá mọ Awóyè mọ̀ pé òpó ló gbé ilé wa dúró, pákó ni títì wa, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ bọ̀. Bí ọmọdé bá sáré kọjá, pákó á mì, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà á bá a mì. Mo gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta: kílò 88, 95, 92. Nọ́ọ̀sì, ọmọ tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, mú 92.

Ó wọn gíga mi, mítà 1.74. Ó fi gíga náà pín kílò lẹ́ẹ̀mejì, ó ní 30.4.

"Bàbá, ẹ ti sanra jù. 30 ni ààlà."

Èmi! Èmi tí mo ti ń fa àwọ̀n nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń mu ọmú! Ẹ wá fọwọ́ kan apá yìí, kí ẹ sọ bóyá ọ̀rá ni.

Ta ló fa ààlà ọ̀hún gan-an? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló tú u palẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ará Bẹ́ljíọ̀m kan, Adolphe Quetelet, ló bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà ní nǹkan bí ọdún 1832. Kì í ṣe dókítà o. Ìràwọ̀ ló ń wò. Ní 1972 ni Ancel Keys ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ lórúkọ BMI, lẹ́yìn tó fi díwọ̀n ọkùnrin tó lé ní 7,000. Kò sí obìnrin kankan nínú wọn, síbẹ̀ òun náà ni wọ́n fi dá ìyàwó mi lẹ́bi lọ́jọ́ náà.

Inú mi ti ń dùn. Mo ní ó yẹ kí wọ́n sún ààlà tiwa síwájú nìyẹn, torí iṣan àti egungun wa wúwo. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní sẹ́yìn ni wọ́n sún ti àwa adúláwọ̀ ní ìlú ọba, 27.5 ni wọ́n ti ń pè é ní ìsanrajù. Ó ní ìwádìí kan tó jáde ní England lọ́dún 2021 fi hàn pé irú ewu àtọ̀gbẹ tó ń bá òyìnbó ní 30, ní 28.1 ló ti ń bá adúláwọ̀, ní 23.9 ló ti ń bá àwọn tí ìran wọn wá láti Íńdíà àti Pakistan.

Ẹ wo ayé! Ní Awóyè, ìṣísẹ̀ kékeré ni mo fi kọjá ààlà. Bí mo bá wọ bàlúù lọ kí ọmọ yìí, màá ti rì wọ inú ẹ̀ṣẹ̀ kí wọ́n tó fún mi lómi mu.

Ó ní kí n pa òṣùwọ̀n tì, kí n mú okùn. Kí n gé e bí mo ṣe ga tó, kí n ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí n fi yí ikùn mi. Bí ẹnu rẹ̀ bá pàdé, kò séwu. Okùn kẹ̀? Iṣẹ́ mi ni! Mo mú okùn àwọ̀n, mo fa ikùn wọlé, mo pa èémí mọ́.

Kò pàdé. Ìyàwó mi fi ìka wọn àlàfo náà: ìka mẹ́rin gbáko. Kò sọ nǹkan kan.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà, ìdajì púpurù ló ń bù fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.